Òjò Inú Fóònù àti Òfì Ìyá Ọkọ Mi

Mi ò fẹ́ràn ìyá ọkọ mi, àwọn náà ò fẹ́ràn mi. Mo ń fi "wọ́n" pè wọ́n nítorí pé bí ìyá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn, ẹnu mi ò sì gbà kí n pè wọ́n lọ́nà mìíràn, bó ti wù kí inú máa bí mi tó. Ẹni tó bá ń retí pé níparí ọ̀rọ̀ yìí a máa dì mọ́ra wa kí omijé sì máa bọ́, kí ó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Galadimawa là ń gbé, nínú ẹ̀sítéètì kan tí kò jìnnà sí ráńdábáòtù. Yàrá méjì, pálọ̀ kan, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, òun nilé wa. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ máa ń jókòó kiri ìlú Àbújá yìí, wọ́n á sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ̀rọ á sì máa gba ohùn wọn sílẹ̀. Ọ̀gá mi obìnrin ló máa ń gba iṣẹ́ náà, òun ló sì ń pín in fún àwa tí à ń ṣe é láti ilé. Mo máa ń ki íápíìsì bọ etí, kí n máa tẹ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kan ò gbọdọ̀ fò mí. Bí ẹnì kan bá húkọ́, mo gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ikọ́ ni, pé kì í ṣe pé ó sọ pé rárá. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì ń bọ́ mi.

Nígbà tí mo bímọ, ọ̀gá mi kí mi kú ewu, ó fi aṣọ ọmọ ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú pé òun á dúró dè mí díẹ̀, àmọ́ bí mo bá padà tí mi ò lè máa dá iṣẹ́ padà lásìkò, òun á gbé àyè mi fún ẹlòmíràn. Mi ò bínú sí i. Àwọn tó ń wá irú iṣẹ́ yẹn pọ̀ nílùú yìí bí erùpẹ̀. Ohun tó kù kò ju pé kí ọmọ máa sùn lójú ọ̀sán, kí èmi náà lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọmọ ò gbà.

Ọmọkùnrin ni, ara rẹ̀ le, ó ń mu ọmú dáadáa, àmọ́ oorun rẹ̀ ò nípọn rárá. Bí fáànù bá ń yí, á sùn. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí fáànù rọra ń dúró, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló máa jí i, á lajú sílẹ̀, á sì fi igbe bọnu. Ẹ̀yin náà sì mọ bí iná ṣe ń ṣe níhìn-ín. Mo lè tẹ ojú ewé kan tán kí iná lọ, kí n tún lo gbogbo ìyókù ọ̀sán lórí ìdúró, ọmọ léjìká, kọ̀ǹpútà ní ṣíṣí.

Obìnrin kan tí a jọ jókòó níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára ló là mí lóye. Ó ní àwọn ọmọ ọwọ́ kì í fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, pé ariwo tó bá ń lọ lọ́gbọọgba láìsinmi ló máa ń bo àwọn ariwo òjijì mọ́lẹ̀, irú bíi kí ẹnì kan sọ ìkòkò lulẹ̀ tàbí kí ọkọ̀ fọn fèrè. Ó fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀: òkun, reluwé, fáànù, ariwo kan tó ń dún ṣíí bíi rédíò tí kò rí ibùdó mú. Òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ni mo yàn. Ẹ̀yìn ọjà ẹja ní Kado nílùú yìí ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bàbá mi jẹ́ káfíńtà tó wá láti Ọ̀ṣun, ìsọ̀ wọn sì fara ti yàrá tí à ń sùn. Ayùn, òòlù, àwọn tó ń ná ẹja, òjò lórí páànù, inú gbogbo rẹ̀ ni mo ti ń sùn, inú rẹ̀ náà ni mo ti kàwé yege.

Òjò inú fóònù yẹn ṣiṣẹ́. Ọmọ ò sùn lọ títí, àmọ́ ó ń sùn tó kí n fi rí nǹkan ṣe. Nígbà tí mo bá tẹ iṣẹ́ tán, tí mo fẹ́ kà á lákàtúnkà, èmi náà á ṣí òjò náà díẹ̀ sétí, ọkàn mi á sì pa pọ̀ sójú kan. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá ọkọ mi dé.

Láti ilẹ̀ Òkun ni wọ́n ti wá, ní ìhà Kogi lọ́hùn-ún. Wọ́n ní àwọn wá bá wa tọ́jú ọmọ. Wọ́n gbé iṣu wá, wọ́n gbé epo wá, wọ́n sì gbé igi kan wá tí wọ́n dì mọ́ orí bọ́ọ̀sì. Mo rò pé ibùsùn ni. Òfì ni. Òfì àwọn obìnrin ìlú wọn kì í gba ilẹ̀ gbọọrọ bíi ti àwọn ọkùnrin. Lóòró ló máa ń dúró, wọ́n á gbé e ti ògiri, ẹni tó ń hun aṣọ á sì jókòó síwájú rẹ̀. Bó bá ti fi òwú kọjá, á fi igi pẹlẹbẹ kan gbá a mọ́lẹ̀, gbì, á tún fi òmíràn kọjá, gbì. Nínú ìdílé ọkọ mi, ìyá ọkọ ló ń hun aṣọ tí wọ́n máa fi pọn àkọ́bí. Wọn kì í sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ọmọ tó délé ayé, èèwọ̀ ni kí wọ́n hun ún de ọmọ tí wọn ò tíì rí. Nítorí náà, ilé mi ni wọ́n ti máa hun ún.

Àmọ́ òjò ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Ọyẹ́ ń mú nígbà náà, ojú ọ̀run funfun, ètè gbogbo èèyàn là. Ìyá ọkọ mi ti fọ aṣọ ọmọ, wọ́n ti sá a sẹ́yìn ilé, wọ́n sì ti rẹjú sórí àga ní pálọ̀. Mo tan òjò fún ọmọ nínú yàrá. N ò mọ̀ pé ó dé etí wọn. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ilẹ̀kùn ṣí, ẹsẹ̀ ń sáré, nígbà tí mo sì fi máa yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ti ń já aṣọ kúrò lórí okùn ní kíákíá, wọ́n sì ń pariwo pé kí èmi náà jáde wá. Ọkùnrin Haúsá tó ń ṣọ́ gééti dúró, ó gbójú sókè wo ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu kankan, ó wá rọra fi Haúsá kí wọn pẹ̀lẹ́, "Sànnu, Mama." Àwọn aládùúgbò méjì tó ń kọjá lọ bú sẹ́rìn-ín.

Mo ṣàlàyé. Mo fi fóònù hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, ó sì hàn lójú wọn pé wọ́n gbà pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá tan òjò, wọ́n á wọlé wá pa á. Wọ́n ní òtútù ń mú ọmọ, pé ìdí nìyẹn tó fi ń tọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní irọ́ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ayé ọmọ àwọn. Mo tún máa ń lọ tàn án, wọ́n á tún wá pa á.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé òfì kalẹ̀. Wọ́n ní eruku pọ̀ jù níta, àga sì ti gba gbogbo pálọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, wọ́n tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Gbì. Gbì. Gbì.

Ọmọ sùn. N ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ó sùn fọnfọn, iná lọ, iná dé, kò mira. Ṣùgbọ́n ohun tó mú ọmọ sùn yìí ni kò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Òjò máa ń lọ lọ́gbọọgba, èèyàn á gbàgbé ẹ̀. Òfì ò ṣeé gbàgbé. Ó ń gba ara ògiri wọlé, ó ń gba ẹsẹ̀ tábìlì gòkè, ó ń wọ inú íápíìsì bá mi. Alága ìgbìmọ̀ á ní kí wọ́n dá ìwé náà, gbì, ṣé padà ni tàbí dúró? Mo gbọ́ ọ títí, mo méfò, mo sì méfò òdì. Ọ̀gá mi pè mí. Kò gbé ohùn sókè, ó kàn ka àwọn àṣìṣe náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní èyí tó bá tún wáyé, kí n má bínú.

Mo bẹ ìyá ọkọ mi. Mo fi orúnkún lélẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa hun ún ní àárọ̀ tí mo bá ń dáná, kí wọ́n fi ọ̀sán sílẹ̀ fún mi. Wọ́n bi mí bóyá èmi nìkan ni mo ń ṣiṣẹ́ nílé yìí. Mo sọ fún ọkọ mi. Ọkọ mi jẹ́ èèyàn kan tí kì í gbọ́ nǹkankan. Ó máa ń dé ní ìrọ̀lẹ́ tí ìyá rẹ̀ ti ká ọwọ́ nílẹ̀, tí ilé ti pa rọ́rọ́, á wá bi mí pé ariwo wo gan-an ni mo ń sọ. Ó ní ó ti rẹ̀ mí jù. Ó ní kí n máa fojú fo nǹkan. Mo dìde kúrò nídìí oúnjẹ.

Nígbà náà ni ọgbọ́n iṣẹ́ mi sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní rẹ̀kọ́dà tó dára, èyí tí mo máa ń lò nígbà tí wọ́n bá rán mi jáde. Mo tàn án ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo fi í sórí fíríìjì tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo fẹ́ kí ọkọ mi fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ̀sán mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ọ̀sán wa ṣe máa ń rí náà ni ti ọjọ́ yẹn rí: òfì ń dún, èmi ń pòṣé, mo ṣílẹ̀kùn, a sọ̀rọ̀ sí ara wa, mo tilẹ̀kùn gbàà, mo tún jáde lọ mu omi nídìí fíríìjì, mo ń kùn sínú bí mo ti ń lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo pa ẹ̀rọ náà, mo tọ́jú ẹ̀.

Èmi tó jẹ́ pé etí ni mo fi ń jẹun, tí mi ò jẹ́ dá iṣẹ́ ẹnikẹ́ni padà láìtún un gbọ́, n ò gbọ́ tèmi kí n tó gbé e jáde.

Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo gbé e ka àárín pálọ̀. Ìyá ọkọ mi jókòó síbẹ̀, ọmọ wà lórí itan wọn. Mo ní kí ọkọ mi gbọ́. Òfì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, mo rí i tí ó ṣẹ́jú, inú mi dùn. Ó gbọ́ ibi tí mo ti ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró kí n ṣetán, ó gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe bi mí pé ṣé èmi náà á dúró kí àwọn ṣetán. Ó gbọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ mi ń bọ̀ lọ́nà fíríìjì, ohùn mi sì ṣe kedere bí ohùn alága: "Arúgbó burúkú."

Ọkọ mi, tí kì í gbọ́ nǹkankan, gbọ́ ìyẹn. Mo na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ náà, ìyá ọkọ mi sì dá mi lẹ́kun.

Wọ́n ní, "Dá a padà díẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

Ọlọ́run mi, mo dá a padà. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ní òun ò gbọ́ nǹkan dáadáa, mo máa ń dá a padà ni. Ẹ̀rọ náà tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, "Arúgbó burúkú," pálọ̀ gbà á.

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn lo ń gbọ́ láti àárọ̀, o ò wá gbọ́ tìrẹ." Wọ́n gbé ọmọ fún mi. "Ẹ máa bá òjò yín lọ."

Mo bẹ̀ wọ́n o. Mo kúnlẹ̀, ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kò sí wàhálà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n tú òfì, wọ́n ká aṣọ tí kò tíì dé ìdajì mọ́ ara igi rẹ̀, ọkọ mi sì sin wọ́n lọ sí gáréèjì. Ẹnu ni mo fi bẹ̀ wọ́n. Nínú ọkàn mi, mo ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ti ṣófo, ara mi sì yá gágá.

Ara yíyá náà ò pẹ́. Ọmọ jí, kò sì sùn mọ́. Mo tan òjò fún un, ó fi igbe ta. Mo tan òkun, mo tan reluwé, mo tan èyí tó ń dún ṣíí. Fáànù ń yí, ojú rẹ̀ là kedere. Mo pọ̀n ọ́n, mo ń tẹ̀wé lórí ìdúró, ẹ̀yìn mi ń ro mí. Ọkọ mi á ti ibi iṣẹ́ dé, á gbà á lọ́wọ́ mi, á gbé e rìn yí ẹ̀sítéètì po, á gbé e padà wá. Ó ń bá mi bínú, ó sì ń bínú níwọ̀n, bó ṣe máa ń ṣe ohun gbogbo.

Àárín rẹ̀ ni ọ̀gá mi fi iṣẹ́ ńlá kan ránṣẹ́, ìjókòó ìgbìmọ̀ tí wọ́n fi odidi ọjọ́ ṣe. Ó ní ọjọ́ Ẹtì lòun ń retí rẹ̀, pé èyí lòun máa fi mọ̀ bóyá a ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Títí di ọ̀sán Ọjọ́rú, n ò tíì ṣe ìdá mẹ́rin rẹ̀. Ọmọ ń sunkún lórí ẹní, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó tì í kí n máa sunkún. Ojú mi wá lọ sára rẹ̀kọ́dà.

Ó dùn mí láti fọwọ́ kàn án. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, mo sì ṣe é bí iṣẹ́: mo gé gbogbo ìjà kúrò, mo gé pòṣé, mo gé ilẹ̀kùn, mo gé ọ̀rọ̀ ìdí fíríìjì. Òfì nìkan ṣoṣo ló kù, ó mọ́, ó ń lọ déédéé. Mo tàn án fún ọmọ. Ó dákẹ́ igbe. Ó lajú sí mi. Ó ń tẹ́tí, ó ń yí orí, bí ẹni pé ohun kan kù tí kò tíì gbọ́. Nígbà tí kò gbọ́ ọ, ó tún bẹ̀rẹ̀ igbe.

Mo pa á, mo tan odidi rẹ̀, bí mo ṣe gbà á sílẹ̀. Gbì, gbì. Mo pòṣé nínú ẹ̀rọ, ọmọ mí kanlẹ̀. Èmi àti ìyá bàbá rẹ̀ gbé ohùn sókè sí ara wa, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Mo tilẹ̀kùn gbàà, kò ta gìrì. Ibi "arúgbó burúkú" ló sùn sí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo dúró, mo ń wò ó, inú ń bí mi sí gbogbo wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òfì kalẹ̀, ohun tó ń gbọ́ lọ́sàn-án nìyẹn, tó bá sì ti gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé àwọn èèyàn òun pé sílé.

Mo ki íápíìsì bọ etí, mo ṣiṣẹ́. Òfì náà ń wọlé bá mi díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì wá ṣẹlẹ̀ pé ìka mi ń bá a rìn, n ò sì fẹ́ kí ó bá a rìn. Mo dá iṣẹ́ náà padà ní ọjọ́ Ẹtì, kò ní àṣìṣe. Ọ̀gá mi ní kú iṣẹ́, ó sì fi òmíràn ránṣẹ́.

Bó ṣe di àṣà wa nìyẹn. Lójoojúmọ́, tí oúnjẹ ọ̀sán bá ti kọjá, mo máa ń tan ìjà fún ọmọ mi, kí n tó lọ jókòó sídìí ìgbìmọ̀. Ọkọ mi mọ̀.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ìyá ọkọ mi pè. Orí fóònù mi ni wọ́n pè sí, kì í ṣe ti ọmọ wọn. Wọ́n ní àwọn ti hun aṣọ náà tán, àwọn ti fi rán awakọ̀ kan, kí a lọ gbà á ní gáréèjì. Mo dúpẹ́. Wọ́n ní kò tọ́pẹ́, ti ọmọ àwọn ni. Wọ́n wá bi mí bóyá ó ń sùn. Mo ní ó ń sùn dáadáa, mo sì fẹ́ kí ó pin síbẹ̀. Wọ́n ní kí wá ni mo fi ń mú un sùn, ṣé òjò náà ni?

Ọ̀sán ni, ọmọ wà lórí ẹní rẹ̀ nítòsí mi, òfì sì ń dún nínú kọ̀ǹpútà. Mo na ọwọ́ kí n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Mo gbọ́ mímí wọn nínú fóònù, mo gbọ́ ọ tí ó dá dúró bí wọ́n ṣe dá igi òfì wọn mọ̀. Wọ́n ń gbọ́ ọ, bí wọ́n ṣe gbọ́ òjò mi lọ́jọ́sí. Nínú ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn mi ti gbàà.

Wọ́n ní, "Yí i sókè fún un. Ibi tó o ti bú mi ló kàn."